Bí A Ṣe Ń Kó Fìlà Àwọn Dókítà Ológun Faransé Jọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Dókítà tó bá wà nínú iṣẹ́ ogun Faransé kì í dé fìlà lásán. Àwọ̀ ọ̀já àrán tó yí fìlà náà ká ti sọ pé dókítà ni. Okùn wúrà tó wà lórí rẹ̀ sọ ipò tó wà. Tí ẹ bá sì yí inú fìlà náà síta, ẹ lè bá orúkọ ẹni tó dé e níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka fìlà yìí kò ní jẹ́ kí ọlọ́jà ka ìtàn fún òun. Bí a ṣe ń kà á, bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń wá ẹni tó ni ín àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mú irú kan kí ẹ tó náwó

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà, wọn ò sì dọ́gba.

Fìlà onígun méjì tí wọ́n ń pè ní bicorne ló dàgbà jù, irú èyí tó máa ń wà lórí Napoleon nínú àwòrán. Láyé rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ ogun bíi Dominique-Jean Larrey àti Pierre-François Percy lo irú fìlà bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá dókítà sì ń dé e lọ síbi ayẹyẹ títí di ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ó lẹ́wà, àmọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní nǹkan í wá níbẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ọba àti àwọn ọ̀gá ológun mìíràn ló ń dé irú rẹ̀, ó sì ṣòro láti fi ẹ̀rí hàn pé dókítà ló ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìṣòro kan tún wà: mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí irun ẹran tí wọ́n fi ń ṣe fìlà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, májèlé náà sì lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ máa fi ìbọ̀wọ́ mú un, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Kẹpí ló tẹ̀ lé e, ìyẹn fìlà olórí pẹlẹbẹ tó ní ìbòjú aláwọ dúdú níwájú. Èmi á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó pọ̀ lọ́jà, ó ní àmì púpọ̀ tí ẹ lè kà, owó rẹ̀ kì í sì í ga bíi ti bicorne.

Ẹ̀kẹta ni àṣíborí onírin tí wọ́n ń pè ní Adrian, láti inú orúkọ Auguste-Louis Adrian tó gbé e kalẹ̀ ní 1915, nígbà tí ọta àti àfọ́kù bọ́ǹbù ń fọ́ orí àwọn ọmọ ogun nínú kòtò ogun. Ẹ̀kẹrin ni àṣíborí funfun tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì ṣe tí wọ́n sì fi aṣọ bò, irú èyí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń dé nígbà ìjọba amúnisìn. Ẹ̀kẹrin yìí ló kan ilẹ̀ wa tààrà. Nígbà tí ọ̀gágun Alfred Dodds kó ogun lọ bá Dahomey ní 1892, àwọn dókítà bá ọmọ ogun rẹ̀ rìn. Àjàṣẹ́ ti wà lábẹ́ Faransé ṣáájú ìgbà náà; nígbà tó yá, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà bọ́ sábẹ́ wọn, ó sì di pé àwọn dókítà ológun ìlú àmúsìn ń dé àṣíborí yìí láti ìlú dé ìlú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oníṣòwò, àlùfáà ìjọ Àgùdà àti akọ̀wé náà dé irú rẹ̀ kan náà. Bí kò bá sí àmì ìdákọ̀ró, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ìlú àmúsìn, tàbí orúkọ nínú rẹ̀, ẹ kàn ra fìlà òyìnbó ni.

Bí a ṣe ń ka kẹpí

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀. Láyé Napoleon, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun, àrán tí wọ́n fi ń ṣẹ̀ṣọ́ sí aṣọ wọn ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Oníṣègùn tó ń fún ni ní oògùn ń lo àrán dúdú, oníṣẹ́ abẹ ń lo ti àlàárì, apoògùn sì ń lo aláwọ̀ ewé. Ní 1852, ìjọba da oníṣègùn àti oníṣẹ́ abẹ pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Àwọ̀ oníṣẹ́ abẹ ló borí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àrán àlàárì di ti dókítà títí dòní. Apoògùn kò yí tirẹ̀ padà. Kẹpí tí orí rẹ̀ pupa tí ọ̀já rẹ̀ sì jẹ́ àrán aláwọ̀ ewé, ti apoògùn ni, kò sì burú láti fi kún àkójọ yín bí ẹ bá rí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni ti dókítà ẹranko. Àrán tiwọn pupa dúdú, ó sún mọ́ ti dókítà débi pé bí oòrùn bá ti ṣá ọ̀kan nínú méjèèjì, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ rọra gbé okùn àgbọ̀n tó wà lókè ìbòjú. Àrán tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí oòrùn rí, àwọ̀ tòótọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo okùn ipò: ti dókítà jẹ́ wúrà, ti dókítà ẹranko jẹ́ fàdákà. Bí ọlọ́jà bá kọ ọ́ pé ti dókítà ni, tí okùn rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà látòkè délẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ wá ka okùn tó yí fìlà náà po. Ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń pè ní médecin aide-major de deuxième classe. Méjì jẹ́ ti aide-major de première classe, tó bá lẹ́fútẹ́náǹtì dọ́gba. Mẹ́ta ni ti médecin-major de deuxième classe, ìyẹn ipò kápútéènì. Mẹ́rin ni ti médecin-major de première classe, ìyẹn commandant, tó bá méjọ̀ dọ́gba. Márùn-ún jẹ́ ti médecin principal, yálà ti kìíní tàbí ti kejì, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sì ni pé ti kejì, tó bá lieutenant-colonel dọ́gba, máa ń pa wúrà àti fàdákà pọ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í lo okùn, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ onígi óákù ló wà lórí tiwọn, ẹ kò sì ní rí i lọ́jà lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, orúkọ ipò wọ̀nyí ti yí padà di médecin lieutenant, médecin capitaine àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí orúkọ ipò kan lórí káàdì tó bá fìlà wá, ẹ lè fi mọ ìgbà tó jẹ́.

Yàtọ̀ sí okùn tó yí i po, okùn tín-ín-rín kan tún wà tó dúró ṣánṣán láti ọ̀já dé òkè, níwájú, lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀kan ni fún lẹ́fútẹ́náǹtì àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, méjì fún kápútéènì, mẹ́ta fún commandant sókè. Ẹ fi èyí yẹ tàkọ́kọ́ wò. Kẹpí olókùn mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní okùn ìnàró méjì. Bí ó bá ní ọ̀kan, ẹnìkan ti fi kún un, bóyá ẹni tó ni ín nígbà tí wọ́n gbé e ga tó sì fẹ́ fi owó pamọ́, bóyá ọlọ́jà tó fẹ́ kó wọ́n sí i. Ẹ gbé awò amúǹkantóbi wò ó. Okùn àtijọ́ máa ń fi àmì ihò abẹ́rẹ́ sílẹ̀, eruku á ti wọ inú ihò náà, aṣọ tó wà lábẹ́ okùn á sì pupa ju ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ. Bí okùn kẹta bá wà lórí aṣọ tó ti ṣá bíi ti ìta, àfikún ọjọ́ lẹ́yìn ni.

Ẹ má fojú kéré bọ́tìnnì méjì tó di okùn àgbọ̀n mú. Àmì iṣẹ́ ìlera ológun Faransé jẹ́ ejò tó lọ́ mọ́ ọ̀pá, díńgí kékeré sì wà ní orí ọ̀pá náà, ẹ̀ka igi méjì yí i ká, lọ́rẹ́ẹ̀lì lápá kan, óákù lápá kejì. Díńgí yẹn ni wọ́n ń pè ní díńgí ọgbọ́n. Bí ejò náà kò bá ní díńgí, tàbí tó jẹ́ ejò méjì tó lọ́ mọ́ ọ̀pá oníyẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, kí ẹlòmíràn sì ti rán an mọ́ ọn. Ẹ yí bọ́tìnnì náà padà bí ó bá ṣeé ṣe: orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ máa ń wà lẹ́yìn, T.W.&W. ti Paris sì wà lára èyí tí ẹ ó máa bá pàdé jù.

Ayédèrú àti èyí tí wọ́n yí ọjọ́ orí rẹ̀

Ayédèrú gan-an kò pọ̀ nínú kẹpí dókítà tó bí ènìyàn ṣe rò. Èyí tó pọ̀ ni kẹpí tòótọ́ tí wọ́n purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn dókítà ológun Faransé ṣì ń dé kẹpí àrán àlàárì di báyìí, èyí tí wọ́n rán ní 1960 sì lè jọ ti ogun 1914 lójú ẹni tí kò mọ̀. Ọlọ́jà á sọ pé «láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní», kò sì ní fọwọ́ sí ìwé.

Ohun tí ẹ máa wò nìyí. Ìbòjú àtijọ́ jẹ́ awọ tí wọ́n fi vánísì kùn, ó sì máa ń sán wẹ́wẹ́ bí ó bá gbó. Èyí tó ń dán gbinrin láìní ẹyọ ìsán kan, tó sì rọ̀ bíi páìpù rọ́bà, ti lẹ́yìn ogun kejì ni. Awọ inú tó ń kan iwájú orí gbọ́dọ̀ ní òógùn, kó sì ti ṣókùnkùn níbi tí orí ti ń fara kàn án. Ìrísí kẹpí òde-òní kò rí bíi ti àtijọ́ gan-an. Ẹ wo àwòrán tí wọ́n yà nígbà náà, kó lè mọ́ yín lójú.

Ẹ wá gbé fìlà náà sínú yàrá dúdú, kí ẹ tan irú iná tí àwọn oníbáńkì fi ń yẹ owó wò sí i. Okùn àti òwú tó ti pẹ́ kì í tàn. Òwú òde-òní, pàápàá èyí tí wọ́n ti fi oògùn amáṣọfunfun sí, á tàn yòò bíi àwọ̀ búlúù. Ẹ má ṣe dájọ́ kíá o. Ẹni tó bá fi ọṣẹ ìfọṣọ òde-òní nu fìlà àtijọ́ á mú kó tàn pẹ̀lú. Bí okùn ránṣọ nìkan bá tàn, tí aṣọ kò sì tàn, àtúnrán ni.

Ti Adrian yàtọ̀. Àṣíborí 1915 wá ní ẹyà ẹyà: orí rẹ̀, ètí iwájú, ètí ẹ̀yìn, àti ìwo orí tí wọ́n kàn mọ́ ọn láti òkè. Irin rẹ̀ fúyẹ́, bíi 0.7 mìlímítà, gbogbo rẹ̀ sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 700. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 1926 jẹ́ irin ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ papọ̀, torí náà kò ní ojú ìso láàárín orí àti ètí. Àmì iwájú Adrian dókítà jẹ́ ejò náà pẹ̀lú ẹ̀ka igi. Àmì yẹn ṣeé yọ, ó ṣeé fi wọ, torí pé irin méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kàn ń kọjá sínú ihò lára àṣíborí ni. Báyìí ni ọlọ́jà ṣe máa ń yọ àmì ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, tó pọ̀ bí iyanrìn, kó sì fi ti ìlera, tó ṣọ̀wọ́n, rọ́pò. Ẹ rọra gbé àmì náà díẹ̀ kí ẹ wo ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tuntun ju ti àyíká lọ, àpẹẹrẹ ibi tó tuntun náà sì gbọ́dọ̀ bá àmì náà mu gẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ àpẹẹrẹ bọ́ǹbù oníná, tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ló wà lábẹ́ ejò, ẹ dá a padà.

Kódà bí àmì náà bá jẹ́ tòótọ́, kò sọ pé dókítà ló dé e. Àwọn tó ń fi ibùsùn gbé àwọn tó farapa àti àwọn olùrànlọ́wọ́ ilé ìwòsàn dé èyí kan náà. Awọ inú tó dára, tàbí orúkọ tí wọ́n kọ sí i, ni ẹ fi lè mọ ti ọ̀gá. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbà kí ọmọ ogun mú àṣíborí rẹ̀ lọ sílé, wọ́n sì fún wọn ní àwo idẹ kékeré tí wọ́n kọ «Soldat de la Grande Guerre 1914-1918» sí, kí wọ́n fi sí etí iwájú. Ó dùn ún rí, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé dókítà ni.

Ibi tí ẹ ti máa rà á

Gbàǹjo ló dára jù fún nǹkan tó wọ́n. Hôtel Drouot ní Paris ti ń ṣe gbàǹjo láti 1852, àwọn ilé gbàǹjo kéékèèké ní àwọn ìlú Faransé sì ń gbé ti wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé owó tí ẹ pè kọ́ ni ẹ máa san. Ilé gbàǹjo á fi owó tiwọn lé e, ó sì sábà máa ń tó 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí owó ìfìránṣẹ́ tó dé. Bí ẹ bá wà ní Paris tàbí tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ọjà àlòkù Saint-Ouen ṣe é rìn. Èmi fẹ́ràn ọjà àlòkù ti ìgbèríko ju ìyẹn lọ, níbi tí àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ dókítà ti ń kó ẹrù bàbá àgbà jáde fúnra wọn, tí ẹ sì lè béèrè ta ni ó dé e. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, eBay, Delcampe àti Naturabuy ni wọ́n ti ń tà á jù.

Ẹ wá a ní èdè Faransé, torí pé ọlọ́jà tó mọ nǹkan tó ń tà kì í kọ gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tẹ «képi médecin militaire», «velours cramoisi», «képi pharmacien», «casque Adrian service de santé» tàbí «casque colonial». Ẹ tún tẹ «képi officier» lásán, torí ibẹ̀ ni èyí tí ọlọ́jà kò mọ̀ pé ti dókítà ni wà, owó rẹ̀ á sì kéré.

Ẹ wo owó tí wọ́n ti ta nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má wo owó tí ọlọ́jà ń pè. Ẹ béèrè àwòrán inú fìlà, ti òkè, ti bọ́tìnnì, ti abẹ́ okùn àgbọ̀n. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ ya inú rẹ̀ fún yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé kí ó fi ìwé rírọ̀ kún inú fìlà, kó fi páálí méjì bò ó, kó má ṣe tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Kẹpí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tẹ̀ kì í ní ìdúró mọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Rírà àti kíkó irú fìlà yìí jọ kò lòdì sófin ní Faransé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ ológun kiri kí wọ́n lè rò pé ológun ni. Òfin Nàìjíríà náà kò gbà á. Inú àpótí dígí ni ipò rẹ̀, kì í ṣe orí yín níbi ìnáwó.

Wíwá ẹni tó dé e

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ń sọ fìlà tó jọ ẹgbẹ̀rún mìíràn di ti ènìyàn kan.

Ká ní kẹpí kan wà níwájú yín. Okùn mẹ́ta yí i po, ìnàró rẹ̀ jẹ́ méjì, àrán rẹ̀ jẹ́ àlàárì: médecin-major de deuxième classe nìyẹn, ṣáájú kí wọ́n tó yí orúkọ ipò padà. Nínú aṣọ sílíìkì tó wà nínú rẹ̀, ẹ rí orúkọ aránfìlà tí wọ́n fi wúrà tẹ̀, àti ìlú rẹ̀, ká ní Lyon. Ó ní ìtumọ̀, torí Lyon ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1888 wà. Marseille lè tọ́ka sí ilé ẹ̀kọ́ Pharo tí àwọn dókítà ìlú àmúsìn ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Áfíríkà àti Éṣíà. Lábẹ́ awọ inú, lẹ́tà méjì tàbí orúkọ kan tí wọ́n fi yíǹkì kọ.

Bí orúkọ náà bá pé, ẹ lọ sí ojú ìwé Léonore lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìjọba Faransé kó ìwé àwọn tó gba Légion d'honneur tí wọ́n kú ṣáájú 1977 sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ dókítà ológun tó pẹ́ nínú iṣẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ yìí, ìwé wọn sì ń sọ ọjọ́ ìbí, ìlú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àti ogun tí wọ́n lọ. Bí ó bá kú sójú ogun, ẹ wo Mémoire des hommes, ojú ìwé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá rí i ní méjèèjì, fáìlì àwọn ọ̀gá ológun wà ní Vincennes lẹ́bàá Paris, lọ́dọ̀ Service historique de la Défense, ẹ sì lè kọ̀wé sí wọn. Gallica, ilé ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ìjọba Faransé, ní àwọn ìwé ọdọọdún tó to orúkọ àwọn ọ̀gá ológun. Lẹ́tà méjì pẹ̀lú ipò àti ìlú lè dín orúkọ kù sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ má retí pé ẹ ó rí fìlà Alphonse Laveran o. Dókítà ológun yìí ló rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan ní Constantine ní Àlùgéríà ní 1880, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1907. Àwọn ohun tó jẹ mọ́ ìtàn irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Val-de-Grâce ní Paris. Àmọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tó ń tọ́jú ibà láìgba ẹ̀bùn kankan, fìlà wọn ṣì ń jáde lọ́jà.

Ìtọ́jú

Kòkòrò àti ìpáàrà ni ọ̀tá. Kẹpí jẹ́ irun àgùntàn, kòkòrò ajẹṣọ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju aṣọ mìíràn lọ. Gbogbo fìlà tuntun tó bá wọlé, ẹ di í sínú ọ̀rá, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ fi sínú fírísà tó tutù tó −18 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má tú ọ̀rá náà títí ó fi máa gbóná padà délé, kí omi má bàa wọ inú aṣọ. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, fírísà tó ń yọ́ ní ìdajì ọ̀sẹ̀ kò pa ẹyin kòkòrò. Ẹ wá ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Adrian tàbí àṣíborí kọ́ọ̀kì síbẹ̀. Káńfọ̀ tí gbogbo wa ń sọ sínú àpótí kò dára fún okùn wúrà, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò.

Ẹ má fọ kẹpí. Ẹ má fi Brasso nu okùn wúrà, torí pé wúrà tó bò ó tín-ín-rín ni, ẹ ó nù ún kúrò ni. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ fi rọra gbọn eruku kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú aṣọ, ó tó. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tó dì bí ìda lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì tàbí níbi tí idẹ ti fara kan awọ, ẹ fi igi tín-ín-rín ha á kúrò, kí ẹ fi ìwé tí kò ní ásíìdì sí àárín wọn.

Ojú oòrùn máa ń pa àrán àlàárì ní ìwọ̀nba ọdún díẹ̀, torí náà ẹ gbé àpótí dígí kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀rinrin tó wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Lágbègbè wa, òjò á gbé e ga, ọyẹ́ á sì gbé e wálẹ̀ débi tí awọ á fi sán. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Fìlà gbọ́dọ̀ jókòó lórí ohun tó kún inú rẹ̀, ẹ má fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, iye rẹ̀, ẹni tó tà á, àti orúkọ tí ẹ rí nínú rẹ̀ sórí páálí kékeré, kí ẹ so ó mọ́ fìlà náà pẹ̀lú òwú. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ inú.